Táyà skateboard: ìrísí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dà á, àti àbùkù tó ń bá a jáde láti ilé iṣẹ́

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn tó ń gun skateboard, ìyẹn pátákó ìṣeré tó ní táyà mẹ́rin lábẹ́, ni pé, "Táyà wo ni kí n rà?" Ìrísí ló sábà máa ń wà lọ́kàn ẹni tó ń béèrè: ṣé kó rà èyí tó rí bí òkòtó ni, àbí èyí tí etí rẹ̀ rí rìbìtì. Ìrísí ṣe pàtàkì, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń gun pátákó yìí, táyà tó bà mí nínú jẹ́ jù kì í ṣe èyí tí mo ṣì yàn. Èyí tí ìrísí rẹ̀ bá mi mu gan-an ni, àmọ́ tí wọn kò dà dáadáa. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méjèèjì ni mo kó pọ̀ sójú kan níbí.

Kí ni wọ́n fi ń ṣe táyà yìí? Ṣé rọ́bà ni?

Ó jọ rọ́bà, àmọ́ kì í ṣe rọ́bà. Polyurethane ni, èyí tí gbogbo wa ń gé kúrú sí urethane. Otto Bayer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì ló ṣe irú nǹkan yìí jáde ní 1937. Àmọ́ ó pẹ́ kó tó dé ìdí skateboard. Irin ni wọ́n ń lò níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni amọ̀ àpòpọ̀, méjèèjì kò sì ní àánú. Òkúta wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo lójú ọ̀nà ti tó láti dá táyà dúró gbagidi, kí ẹni tó wà lórí pátákó sì máa fò lọ síwájú láìní pátákó nídìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Frank Nasworthy, ará Amẹ́ríkà, mú táyà urethane wọ inú eré yìí, ó sì sọ ọ́ ní Cadillac Wheels. Urethane máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí ó bá pàdé òkúta, yóò gùn ún kọjá, yóò sì padà sí bó ṣe wà. Ó tún máa ń di ilẹ̀ mú. Láìsí i, eré tí a mọ̀ lónìí kò lè wáyé.

Àwọn nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára táyà, kí ni ìtumọ̀ wọn?

Àkọ́kọ́ ni bí táyà ṣe ga tó láti òkè dé ilẹ̀ nígbà tó bá dúró, ní mílímítà. Àwọn tó ń ṣeré lójú títì àti lórí àtẹ̀gùn sábà máa ń lo 49 sí 54. Àwọn tó ń gun ògiri gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti kòtò sìmẹ́ńtì máa ń fẹ́ 54 sí 60. Pátákó gígùn tí wọ́n fi ń rìnrìn àjò tàbí sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè máa ń gba 60 lọ sókè, ó sì lè kọjá 75.

Nọ́ńbà kejì ni bó ṣe le tó, lẹ́tà A ló sì sábà máa ń tẹ̀ lé e. 78A rọ̀, ó sì dára fún ojú ọ̀nà tí kò dán. 99A le, ó máa ń yọ̀ dáadáa lórí sìmẹ́ńtì tó dán.

Mo rí 101A níbì kan, mo tún rí 84B níbòmíràn. Èwo ló le jù?

Èyí tó ní B ló le jù. Lẹ́tà wọ̀nyẹn ni orúkọ òṣùwọ̀n tí wọ́n lò, Shore A tàbí Shore B. Ẹ fi nǹkan bí 20 kún nọ́ńbà B, ẹ ó rí ibi tí ì bá wà lórí A. Nípa bẹ́ẹ̀, 84B yóò wà ní nǹkan bí 104A.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Òṣùwọ̀n A kò kọjá 100. Abẹ́rẹ́ kékeré kan ni wọ́n fi ń tẹ ara nǹkan náà, tí abẹ́rẹ́ náà kò bá wọlé rárá, 100 nìyẹn. Kò sí ohun tó le ju "kò wọlé rárá" lọ lórí òṣùwọ̀n yẹn. 101A kàn jẹ́ ọ̀nà tí olùṣe fi ń sọ fún yín pé eléyìí le ju 99A tiwọn lọ ni. Kódà láti 90 lọ sókè, òṣùwọ̀n A kì í ṣe ohun tí a lè gbára lé mọ́. Ìdí nìyẹn tí 99A ti ilé iṣẹ́ kan fi lè rọ̀ ju 99A ti ibòmíràn lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni parọ́.

Ìrísí mélòó ló wà, báwo ni mo ṣe lè dá wọn mọ̀?

Orúkọ pọ̀ ju ìrísí lọ. Spitfire, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe táyà, ní Classic, Conical, Radial àti Lock-in. Bones, ilé iṣẹ́ mìíràn, ń ka tiwọn láti V1 dé V6. Ẹ gbé orúkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí ẹ di táyà náà mú ní ìbú, kí ojú tó ń tẹ ilẹ̀ kọjú sí yín, kí ẹ wò ó láti iwájú bí ẹni ń wo ojú ènìyàn.

Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá yípo wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àárín, tí ibi tó ń kan ilẹ̀ sì tín-ín-rín, èyí ni Classic. Ó fúyẹ́, ó máa ń tètè yí, kò sì nira láti mú un yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun ni mo máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, nítorí kì í bá ènìyàn jà.

Bí ẹ̀gbẹ́ bá lọ tààrà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, láìyípo, bí ara òkòtó tí a gé orí rẹ̀ kúrò, Conical ni. Ògidì ẹ̀gbẹ́ gẹ̀rẹ́ yẹn ló ń mú kí táyà fara ti etí pèpéle tàbí páìpù nígbà tí ẹ bá ń fi truck (irin tó di táyà mú lábẹ́ pátákó) ha á, tí kò fi ní yẹ̀ kúrò. Oríṣi kan wà lára irú yìí tí wọ́n ń pè ní Full: gẹ̀rẹ́ náà ni, àmọ́ ojú tó ń tẹ ilẹ̀ fẹ̀ sí i.

Radial fẹ̀, etí rẹ̀ sì yípo. Ó máa ń fi ọkàn ẹni balẹ̀ nígbà tí eré bá pọ̀, kì í sì í tètè kọ́ nínú ihò wẹ́wẹ́.

Lock-in ni èmi fẹ́ràn jù láti wò. Ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ kò jọ ti ìta. Inú, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí truck, dúró ṣánṣán láti mú etí pèpéle. Ìta dà gẹ̀rẹ́ kó má bàa wúwo. Ẹni tó bá dè é ní òdì, tó kọ ìta sí inú, ti sọ gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ nù.

Táyà tí wọ́n fi ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè tún jẹ́ ẹ̀yà mìíràn: ó tóbi, ó rọ̀, etí rẹ̀ sì mú ṣóńṣó bí igun àpótí. Etí mímú máa ń tẹ̀ sí ilẹ̀, á dì í mú. Etí tó yípo máa ń jẹ́ kó rọra yọ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ mọ bí táyà yóò ṣe hùwà nígbà tí ẹ bá yí pátákó dábùú, etí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ṣé ibi tí bíárìn wà nínú táyà ní ohun tó ń ṣe?

Ó ní. Bíárìn ni òrùka irin tó ń jẹ́ kí táyà yí lórí truck. Tí ó bá wà ní àárín gan-an, ìwọ̀n ara yín máa ń pín dọ́gba, táyà yóò sì máa jẹ dọ́gba. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń jẹ ju èkejì, ẹ lè yí i padà. Tí bíárìn bá sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ inú, táyà máa ń yọ̀ wẹ́rẹ́, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan yóò máa jẹ ju èkejì lọ títí yóò fi rí bí òkòtó. Ẹ rántí èyí kí ẹ tó sọ pé ilé iṣẹ́ ló ṣe táyà tó ń jẹ ní wíwọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀, nítorí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ni èyí tó pọ̀ jù nínú àbùkù ti ń wá.

Ohun olómi méjì ni wọ́n ń pò pọ̀. Ọ̀kan ni urethane tí kò tíì dì, tó ki bí oyin. Èkejì ni èyí tó ń mú un dì. Wọ́n á mú wọn gbóná, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú wọn, wọ́n á sì wọ̀n wọ́n lọ́nà tó péye. Tí èyí tó ń mú un dì bá dín tàbí tó bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, táyà yóò jáde, àwọ̀ rẹ̀ yóò dára, àmọ́ kò ní lágbára. Kò sí ojú tó lè rí i.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dà á sínú mọ́ọ̀dù irin tó ti gbóná. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti ń dì. Ẹni tó ń dà á kò gbọdọ̀ fi nǹkan falẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dà á ní ìwàǹwára, torí dídà kíákíá máa ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé. Bó bá dì, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á kó o sínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n sì lè fi í síbẹ̀ mọ́jú. Ilé iṣẹ́ tó ń kánjú máa ń yọ ọ́ kí àkókò tó pé. Irú táyà bẹ́ẹ̀ máa ń dà bíi pé ó le lójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò tíì so mọ́ra tán.

Ìgbẹ̀yìn ni ẹ̀rọ léètì. Wọ́n á fi táyà kọ́ sára ohun tó ń yí, ọ̀bẹ irin yóò sì fá ojú àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi yí rìbìtì. Ìrísí gbogbo tí mo kà lókè yẹn, ibí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń parí. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tẹ àwòrán sí i lára.

Ọ̀nà kan tún wà tó rọrùn ju èyí lọ: wọ́n á yọ́ ike urethane, ẹ̀rọ á fi agbára tì í sínú mọ́ọ̀dù, ó tán. Ara pátákó àwọn ọmọdé tó wà fún ìṣeré ni ẹ ó ti sábà rí i. Ike tó yọ́ lẹ́ẹ̀kan lè tún yọ́, nítorí náà ooru yíyọ̀ lórí ilẹ̀ máa ń tètè bà á jẹ́. Urethane tí wọ́n pò tí wọ́n sì dà kò lè yọ́ padà di bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ara ohun tó ń mú un lágbára nìyẹn.

Mo rí ihò kéékèèké lára táyà mi. Kí ló fà á?

Afẹ́fẹ́ tàbí omi. Afẹ́fẹ́ lè wọlé nígbà tí wọ́n ń pò ó tàbí nígbà tí wọ́n ń dà á. Ti omi ló burú jù: ìkán omi kékeré, àní ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lásán, tó bá kan urethane tí kò tíì dì yóò di gáàsì carbon dioxide, gáàsì yẹn yóò sì fófòó nínú rẹ̀ bí ìwúkàrà ṣe ń mú búrẹ́dì wú.

Ihò kan ṣoṣo tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó jìnnà sí ilẹ̀, kò ní pa yín lára. Èyí tó bá wà lójú tó ń tẹ ilẹ̀, tàbí tó bá pọ̀ lójú kan, ẹ dá a padà.

Mo ra mẹ́rin kan rí, ìrísí òkòtó, àwòrán ara wọn dùn ún wò. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí mo ń ha etí pèpéle kan, ẹyọ kan já kúrò lára ọ̀kan, ó tó èékánná àtàǹpàkò. Mo lérò pé èmi ni mo ṣe é. Nígbà tí mo délé, mo fi ayùn la táyà náà sí méjì. Inú rẹ̀ rí bíi kànrìnkàn. Lóde ó dán, ó funfun, ojú ihò kan kò sí níbẹ̀. Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe nítorí owó, bí kò ṣe nítorí pé ẹlòmíràn lè wà lórí irú rẹ̀ lórí òkè, kó máa sáré bọ̀ wálẹ̀.

Pátákó mi ń gbọ̀n lórí ilẹ̀ tó dán. Ṣé táyà ni?

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ má tíì dájọ́. Ẹ yọ bíárìn inú táyà tí ẹ fura sí, ẹ fi sínú táyà mìíràn. Tí ìgbọ̀n náà bá tẹ̀ lé bíárìn, bíárìn ni. Tó bá dúró síbi tó wà, táyà ni.

Tó bá jẹ́ táyà, ohun méjì ló sábà máa ń jẹ́: yálà kò yí rìbìtì, tàbí ihò tí bíárìn jókòó sí kò sí ní àárín gan-an. Àbùkù kékeré ni lójú, kì í ṣe kékeré lẹ́sẹ̀. Ẹ wo ìṣirò yìí. Táyà 53 mílímítà máa ń gba nǹkan bíi mílímítà 166 nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó bá yí. Tí ẹ bá ń sáré kìlómítà 18 ní wákàtí kan, tí kì í ṣe eré tó pọ̀, yóò yí nígbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Táyà tó fi ìdá díẹ̀ nínú mílímítà kan yàtọ̀ yóò máa gbo yín lẹ́sẹ̀ nígbà 30 láàárín àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ yóò kú yín kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Bíárìn wọlé pẹ̀lú wàhálà, tàbí ó ń bọ́ fúnra rẹ̀. Èwo ló dára?

Kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì. Bíárìn tí gbogbo skateboard ń lò ni 608: ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 8, òde rẹ̀ 22, ìbú rẹ̀ 7. Ihò inú táyà gbọ́dọ̀ kéré ju 22 lọ díẹ̀, kí urethane lè gbá a mọ́ra. Ẹ lè fi ọwọ́ tàbí irin truck tì í wọlé, kó sì dúró. Tó bá bọ́ nígbà tí ẹ bá da táyà dojú bolẹ̀, ihò náà ti fẹ̀ jù. Tó bá jẹ́ pé òòlù ni ẹ máa lò, ó ti fún jù, yóò sì máa fún bíárìn lọ́rùn.

Àbùkù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ ni jíjìn ihò. Bíárìn méjì ló wà nínú táyà kọ̀ọ̀kan, òrùka irin kékeré tí ń jẹ́ spacer sì máa ń wà láàárín wọn. Tí àyè àárín yẹn bá gùn ju spacer lọ, bí ẹ ṣe ń dè nọ́ọ̀tì ni bíárìn méjèèjì yóò máa tẹ̀ sí ara wọn, táyà yóò sì dúró. Àwọn ènìyàn á yọ spacer sọnù, wọ́n á tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ẹ gbé òmíràn tó péye sí i, tàbí kí ẹ dá táyà padà.

Táyà mi ti ní ojú pẹlẹbẹ, ó ń dún gbì-gbì-gbì. Ẹjọ́ ta ni?

Ìbéèrè yìí nira, mo sì fẹ́ kí a ṣe òdodo sí àwọn tó ń ṣe táyà. Tí ẹ bá yí pátákó dábùú pátápátá, táyà kò yí mọ́. Ibì kan ṣoṣo lára rẹ̀ ni ilẹ̀ ń fá. Kò sí urethane láyé yìí tí ilẹ̀ kò lè fá báyìí. Ẹ wo ojú pẹlẹbẹ náà dáadáa. Bí ẹ bá rí ìlà tó gba ìbú táyà kọjá, tí gbogbo rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà kan, yíyọ̀ ló ṣe é, ọwọ́ yín ni.

Tí ẹ bá rí ojú tó fàya, tó ní ihò, tàbí tí ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́rin ń di pẹlẹbẹ nígbà tí àwọn mẹ́ta yòókù dán, tí ẹ sì ti ń pààrọ̀ ipò wọn, ìgbà yẹn ni mo máa fura sí bí wọ́n ṣe pò ó tàbí sí ààrò. Urethane tí kò jiná máa ń gbóná kíákíá, yóò rọ̀ níbi tó ti gbóná, ilẹ̀ yóò sì bù ú jẹ.

Egungun inú táyà ti yà kúrò lára urethane. Ṣé mo lè lẹ̀ ẹ́?

Ẹ má lẹ̀ ẹ́. Egungun inú ni ike líle tí wọ́n ń dà urethane yí ká nínú táyà ńláńlá, kí bíárìn lè jókòó dáadáa. Tí wọn kò bá fọ ike náà mọ́ tàbí tí ọ̀rá wà lára rẹ̀ kí wọ́n tó dà á, urethane kò ní gbá a mú. Àmì pé ó ti ń yà ni ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yípo egungun náà, tàbí kí urethane máa sún nígbà tí ẹ bá lọ́ ọ. Ẹ gbé e jù nù. Gọ́ọ̀mù kankan kò lè gbé ìwọ̀n ènìyàn lórí eré.

Funfun rẹ̀ ti di pupa rúsúrúsú bíi eyín àgbà. Ṣé ó ti bàjẹ́?

Rárá. Oòrùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀pọ̀ urethane, ara òde nìkan sì ni. Ẹ máa gùn ún lọ.

Báwo ni mo ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gùn ún?

Èmi kì í kọ́kọ́ fi bíárìn sí i. Mo máa ń gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìwọ̀n ilé ìdáná lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n yẹ kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èyí tó bá fúyẹ́ ju àwọn tó kù lọ, mo máa ń wá ihò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n bọ́ láti ibi gíga kan náà sórí ilẹ̀ líle, kí n sì wo bí wọ́n ṣe fò padà. Ọ̀kan tó bá fò kéré sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe pò ó lè yàtọ̀. Wọn kì í fi èyí dá ẹjọ́, àmọ́ ó ti ràn mí lọ́wọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Tí ẹ bá ní kálípà, irin tí wọ́n fi ń wọn nǹkan kéékèèké, ẹ wọn táyà kọ̀ọ̀kan níbi mẹ́rin yípo. Tí ẹ kò bá ní, ẹ fi bíárìn sí i, ẹ gbé e sórí truck, ẹ dè é, kí ẹ sì di ẹnu bírò mú gírígírí lẹ́bàá ojú rẹ̀ láìjẹ́ kó kàn án. Ẹ yí táyà. Àlàfo tó wà láàárín bírò àti táyà kò gbọdọ̀ máa fẹ̀ kó máa fún. Tí bírò bá kan ibì kan tí kò kan ibòmíràn, ẹ ti rí ibi tó ga.

Ìkìlọ̀ kan: àwọn kan máa ń yí táyà kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ láti wò ó bóyá yóò lọ tààrà. Èyí kò dára fún Lock-in tàbí èyíkéyìí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba. Yóò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì sí ohun tó ṣe é.

Ṣé mo lè pààrọ̀ ọ̀kan ṣoṣo?

Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣì jẹ́ tuntun, bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti jẹ, tuntun yóò ga ju wọn lọ, pátákó yóò sì máa mì láàárín igun méjì. Ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn. Kí èyí má bàa tètè dé, ẹ máa pààrọ̀ ipò wọn lóòrèkóòrè, ti iwájú apá ọ̀tún lọ sí ẹ̀yìn apá òsì, torí ẹsẹ̀ kan sábà máa ń tẹ̀ ju èkejì lọ.

Kí ni kí n sọ fún ẹni tó tà á fún mi?

Ẹ má kàn sọ pé kò dára. Ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí àbùkù wà, ẹ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́ àti ohun tí ẹ rí lára àwọn mẹ́ta yòókù. Ẹ fi páálí tí wọ́n fi kó o wá pamọ́, pàápàá bí nọ́ńbà ọ̀wọ́ tí wọ́n dà á bá wà lára rẹ̀. Tí ẹ bá ti gùn ún, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ iye ọjọ́. Kí ẹ má sì fọ táyà náà. Idọ̀tí tó há sínú ihò afẹ́fẹ́ máa ń fi ihò hàn kedere ju ohunkóhun tí ẹ lè fi ẹnu sọ.